Òrìṣà, Òjò, Odò àti Ilẹ̀ ní Gíríìsì àti Róòmù Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ló ń padà wá ní gbogbo ìgbà tí a bá ti dárúkọ Zeus, olórí òrìṣà àwọn Gíríìkì, tàbí Júpítérì, olórí òrìṣà ti Róòmù. A kó wọn jọ síbì kan kí ẹnu má baà máa bó.

Ta gan-an ni "kèfèrí" tí wọ́n ń sọ yìí?

Kò sí ẹnì kankan ní Róòmù àtijọ́ tó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Paganus ni ọ̀rọ̀ Látìn náà. Ará oko ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pè, àwọn ọmọ-ogun sì tún máa ń fi pe ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ ogun. Ní ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi ni àwọn Kristẹni wá ń fi pe ẹnikẹ́ni tó ṣì ń bọ òrìṣà. Orúkọ tí ará ìta sọ wọ́n ni, bí "kèfèrí" tiwa náà ṣe bá èdè Lárúbáwá wọlé kó tó dé inú Bíbélì.

Àwọn fúnra wọn kò ní orúkọ fún ẹ̀sìn wọn. Ohun tí baba wọn ń ṣe ni wọ́n ń ṣe.

Kí ló dé tí ẹ fi ń sọ "òrìṣà", tí ẹ kò sọ "ọlọ́run"?

Nítorí pé Ọlọ́run lẹ́nu wa ti di ẹnì kan ṣoṣo tó ni ọ̀run. Àwọn ti Gíríìkì pọ̀, wọ́n ní ìyá àti bàbá, wọ́n ń bá ara wọn jà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. "Òrìṣà" kò bá wọn mu tán, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ wọn ju èkejì lọ.

Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 14 ti pàdé méjì nínú wọn. Àwọn ará Lísírà rí iṣẹ́ ìyanu, wọ́n ní Zeus ni Bánábà, wọ́n ní Hermes, ońṣẹ́ àwọn òrìṣà, ni Pọ́ọ̀lù nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀ jù. Kí àwọn méjèèjì tó mọ ohun tó ń lọ, àwòrò Zeus ti fa màlúù dé ẹnu ibodè.

Ṣé àwọn òrìṣà yìí ló dá ayé?

Rárá o. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, nítorí pé Jẹ́nẹ́sísì tàbí ìtàn Ọbàtálá ló wà lọ́kàn wọn. Hesiod, akéwì tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 700 kí a tó bí Kristi, sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: Chaos ló kọ́kọ́ wà, àlàfo kan tó lanu sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gaia, ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Láìsí ọkọ, Gaia bí Ouranos tí í ṣe sánmà, ó bí àwọn òkè, ó bí Pontos tí í ṣe òkun. Sánmà wá di ọkọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ àwọn méjèèjì ni Zeus.

Zeus bá ilé nílẹ̀ ni, kì í ṣe òun ló kọ́ ọ. Ìyá àgbà rẹ̀ ni ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Ó gba ìjọba lọ́wọ́ baba rẹ̀ Kronos, ó wá bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ṣẹ́ gègé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá ṣe ń pín ogún. Nínú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, Zeus mú sánmà, Poseidon mú òkun, Hades mú ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ àti òkè Olympus jẹ́ ti gbogbo wọn, èyí sì dá ìjà sílẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ẹni tó sún mọ́ ẹlẹ́dàá jù nínú ìwé wọn ni oníṣẹ́-ọnà kan tí amòye Plato sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin kí a tó bí Kristi. Òun náà, ohun tó bá nílẹ̀ ló tò.

Ṣé Poseidon ni òkun, àbí Poseidon ló ni òkun?

Èdè wa gbè wá níbí, nítorí pé gbólóhùn méjèèjì jìnnà síra. Àwọn Gíríìkì ń lo méjèèjì, ó kù sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń sọ. Gaia ni ilẹ̀. Helios ni oòrùn. Pontos ni òkun. Ṣùgbọ́n Poseidon ló ni òkun: ó lè gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin lórí rẹ̀, ó sì lè fi í sílẹ̀ lọ jẹun lọ́dọ̀ àwọn ará Etiópíà. Ìgbà tó lọ síbẹ̀ ni àwọn òrìṣà yòókù ráyè jókòó ṣèpàdé kí Odysseus, akọni tí Poseidon ń bínú sí, lè padà sílé. Òkun kò kúrò níbi tó wà.

Odò ló ta kókó jù, nítorí pé òun jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Hesiod ní 3,000 ni odò, ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọ́n sì ní 3,000 àbúrò àti ẹ̀gbọ́n obìnrin. Nínú ìtàn ogun Tírọ́ì, Achilles, akọni àwọn Gíríìkì, ń pa ènìyàn jù sínú odò Skamandros títí òkú fi dí omi lọ́nà. Odò bá fi àwọ̀ ènìyàn yọ láti inú ibú, ó ní kó lọ pa wọ́n lórí ilẹ̀, pé òun kò rọ́nà ṣàn mọ́. Achilles kò gbọ́. Omi bá kún, ó ń lé e kiri pápá bí ẹni ń lé olè, àfìgbà tí Hephaestus, òrìṣà iná, fi iná jó odò náà kó tó bẹ̀bẹ̀. Ènìyàn ló sọ̀rọ̀, omi ló lé e, Skamandros kan náà ni. Kò sí Gíríìkì tó béèrè pé èwo ni èwo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bá odò, igbó àti oko lò lójoojúmọ́?

Wọ́n ń tọrọ àyè. Hesiod kìlọ̀ fún àgbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ la odò kọjá láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo omi náà, kó gbàdúrà, kó sì fọ ọwọ́. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ sí orísun omi. Bàbá Achilles ti jẹ́jẹ̀ẹ́ irun orí ọmọ rẹ̀ fún odò Spercheios ìlú wọn tó bá ti ogun dé; nígbà tí Achilles mọ̀ pé òun kò ní dé mọ́, ó gé irun náà, ó kó o sọ́wọ́ òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ti Róòmù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Cato, olóṣèlú Róòmù tó kú ní 149 kí a tó bí Kristi, kọ ìwé nípa iṣẹ́ oko. Ahun ni ọkùnrin yìí, ẹni tó ní kí á ta ẹrú tó bá ti darúgbó. Síbẹ̀, ó ní kí o tó gé igi nínú igbó, pa ẹlẹ́dẹ̀ kan kí o sì wí pé: "Bí òrìṣà ọkùnrin ni ọ́, bí òrìṣà obìnrin ni ọ́, ìwọ tí ibí yìí jẹ́ mímọ́ fún…" Cato kò mọ orúkọ ẹni tó ń bẹ̀. Ó kàn dá a lójú pé igbó kì í wà láìní olúwa rẹ̀, pé ẹni tó bá sì fẹ́ mú nǹkan kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó. Tí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni kókó ẹ̀sìn Róòmù, àdúrà yìí ni mo máa ń nà án sí.

Ní 25 oṣù kẹrin lọ́dọọdún, wọ́n ń bọ Robigus lẹ́yìn ìlú Róòmù. Òun ló ni àrùn pupa tó ń bo ewé àlìkámà bí irin tó dógùn-ún. Akéwì Ovid sọ pé òun bá wọn pàdé lójú ọ̀nà, tí àwòrò ń gbé ìfun ajá àti ti àgùntàn lọ sínú iná. Ẹ̀bẹ̀ wọn ni pé kó jọ̀wọ́ lọ jẹ idà àti ọ̀kọ̀, kó fi oko sílẹ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ọdún 183 lẹ́yìn ìbí Kristi. Igi ọ̀pọ̀tọ́ hù lórí òrùlé ilé òrìṣà Dea Dia lẹ́yìn ìlú. Kí wọ́n tó lè mú un kúrò, àwọn àwòrò rúbọ sí òrìṣà mẹ́ta tí a kò gbọ́ orúkọ wọn níbòmíràn: Deferunda tó ń gbé igi sọ̀ kalẹ̀, Commolenda tó ń là á, Adolenda tó ń jó o. Iṣẹ́ mẹ́ta, òrìṣà mẹ́ta. Wọ́n fín gbogbo rẹ̀ sára òkúta bí ẹni kọ ìwé ìṣirò owó.

Nígbà ẹbọ, ta ló ń jẹ ẹran?

Ènìyàn. Egungun itan tí wọ́n fi ọ̀rá wé ni wọ́n ń sun fún òrìṣà, èéfín rẹ̀ ló ń gòkè lọ bá wọn. Àwọn Gíríìkì mọ̀ pé ìpín náà kò dọ́gba, ìtàn sì wà fún un: Prometheus, ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ tó fẹ́ràn ènìyàn, ló fi ọ̀rá dídán bo egungun kí Zeus lè mú èyí tí kò dára. Ẹbọ ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀. Àwọn ń gba odindi, a kì í tọ́ ọ wò.

Ṣé wọ́n gba àwọn ìtàn náà gbọ́ bí a ṣe sọ ọ́?

Èwo nínú wọn? Hesiod ní inú ìfóófòó òkun ni Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́, ti jáde. Homer ní Zeus ló bí i, Dione sì ni ìyá rẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó láti pinnu èyí tó jẹ́ òtítọ́, kò sí ìwé mímọ́, kò sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí a ń kà sórí. Ìlú ń bi ọ́ bóyá o wá síbi ọdún, bóyá o ṣe ohun tó yẹ bó ṣe yẹ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o dúró níbẹ̀, tìrẹ ni.

Ìdí nìyẹn tí amòye Xenophanes fi lè sọ ní ọ̀rúndún kẹfà kí a tó bí Kristi pé àwọn ará Etiópíà ní òrìṣà àwọn dúdú, imú wọn sì tẹ́, àwọn ará Thrace ní tiwọn ní ojú aláwọ̀ sánmà àti irun pupa. Pé bí màlúù bá ní ọwọ́ láti yàwòrán, òrìṣà rẹ̀ ì bá jọ màlúù. Kò sẹ́ni tó jù ú sẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ amòye Socrates ní Átẹ́nì yàtọ̀: ní 399 kí a tó bí Kristi, wọ́n ní kò ka àwọn òrìṣà tí ìlú ń bọ sí, ó sì ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ó mu májèlé.

Ṣé torí pé wọn kò mọ ohun tó ń fa àrá ni wọ́n ṣe ní Zeus?

Ìbéèrè yìí ló ń wá jù, a sì máa ń fi ẹ̀rín bi í. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí Zeus ń ṣe. Lóòótọ́ òun ló ń sán àrá. Òun náà ló ń ṣọ́ ìbúra, òun ló ń gbèjà àlejò, òun ló wà ní àgbàlá ilé. Inú yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, wọ́n ń gbé ìkòkò kan kalẹ̀ fún Zeus Ktesios, ẹni tó ń pa dúkìá mọ́. Mélòó nínú wọ̀nyí ló máa kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá mọ bí mànàmáná ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Àdúrà kan tí Marcus Aurelius, ọba Róòmù, tọ́ka sí fi hàn kedere. Àwọn ará Átẹ́nì ń wí pé: "Rọ òjò, rọ òjò, Zeus ọ̀wọ́n, sórí oko àwọn ará Átẹ́nì." Wọn kò ní kó ṣàlàyé òjò fún wọn. Òjò ni wọ́n ń fẹ́.

Ṣé Zeus ni Ṣàngó?

Rárá. A mọ ohun tó ń mú kí wọ́n béèrè. Ibi tí àrá bá ti sán ní Gíríìsì, wọ́n ń ṣọgbà yí i ká, ẹsẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní Róòmù, wọ́n ń sin àrá náà sínú ilẹ̀ pẹ̀lú ètùtù. Ẹni tó bá mọ bí àwọn oníṣàngó ṣe ń gba ilé tí àrá wọ̀, etí rẹ̀ á dìde.

Ṣùgbọ́n Aláàfin ni Ṣàngó, ó jọba l'Ọ́yọ̀ọ́ kó tó di òrìṣà. Òrìṣà ni wọ́n bí Zeus. Nígbà tí òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, Euhemerus, sọ ní nǹkan bí ọdún 300 kí a tó bí Kristi pé ọba ayé ni Zeus rí, ọ̀pọ̀ ló pè é ní aláìgbàgbọ́. Àwọn ará Kírétè ń fi ibojì Zeus han àlejò, àwọn Gíríìkì yòókù sì ń tìtorí ẹ̀ pè wọ́n ní òpùrọ́. Ohun tó jẹ́ ìyìn fún Ṣàngó, èébú ló jẹ́ fún Zeus.

Tí ilẹ̀ bá mì, tí ìlú sì rì, kí ni wọ́n máa ń sọ?

Ó ṣẹlẹ̀. Lóru ọjọ́ kan nígbà òtútù ọdún 373 kí a tó bí Kristi, ilẹ̀ mì ní Helike ní etí òkun Gíríìsì, òkun wọlé, ìlú náà sì pòórá. Poseidon, Amì-ilẹ̀-tìtì, ni òrìṣà ìlú náà gan-an. Àwọn ará Ionia, Gíríìkì tó wà ní òdìkejì òkun, ti ránṣẹ́ wá tọrọ ère rẹ̀, tàbí ó kéré tán, àwòṣe pẹpẹ rẹ̀. Àwọn ará Helike kọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni omi dé.

Òpìtàn Diodorus sọ pé àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn amòye ní ohun tó wà nínú ilẹ̀ ló fà á. Àwọn olùfọkànsìn ní Poseidon ló bínú. Lójú tèmi, ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Àwọn kan ń béèrè pé kí ló mi ilẹ̀. Àwọn kejì mọ̀ pé ilẹ̀ ń mì; wọ́n fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ Helike, tó fi jẹ́ òru yẹn.

Ṣé ẹ̀sìn àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn kò forí gbárí?

Wọ́n forí gbárí nígbà mìíràn. Amòye Anaxagoras ní òkúta oníná tó tóbi ju Peloponnese, apá gúúsù Gíríìsì, lọ ni oòrùn. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Átẹ́nì, ó sì kú sí Lampsacus. Ní oṣù kẹjọ ọdún 413 kí a tó bí Kristi, òṣùpá wọ òkùnkùn nígbà tí ọmọ-ogun Átẹ́nì fẹ́ sá kúrò ní Syracuse. Balógun Nicias tẹ́tí sí àwọn aríran, ó ní ó di ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀tá dí ojú omi, ogun náà run.

Ṣùgbọ́n Thales, tí wọ́n ń pè ní baba àwọn amòye, tó ní omi ni ìpilẹ̀ ohun gbogbo, òun náà ni Aristotle sọ pé ó ní ohun gbogbo kún fún òrìṣà. Ìwé ìṣègùn kan tó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní ti oníṣègùn Hippocrates kọ̀ pé wárápá jẹ́ àrùn mímọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí àrùn tó jẹ́ mímọ́ ju òmíràn lọ, gbogbo wọn ló ní ọwọ́ òrìṣà nínú, gbogbo wọn ló sì ní ohun tó ń fà á. Epicurus, amòye tó kú ní 270 kí a tó bí Kristi, gbà pé òrìṣà wà. Ó ní wọ́n kàn ń gbádùn ara wọn ni, wọn kò ráyè tiwa. Àwọn Stoic, ẹgbẹ́ amòye mìíràn, kọjú sí òdìkejì pátápátá: Zeus ni ọgbọ́n tó ń ṣàn nínú gbogbo ayé.

Tí wọ́n bá dé ìlú onílùú ńkọ́?

Wọ́n ń wá ẹni tó ni ibẹ̀. Àpẹẹrẹ kan wà tí ẹni tó ń gbé ní Ìlú Ọba lè lọ fojú rí. Ní ìlú Bath, omi kan ń tú jáde látinú ilẹ̀ ní gbígbóná 46°C. Kí Róòmù tó dé, Sulis ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe òrìṣà obìnrin tó ni ín. Àwọn ará Róòmù kò lé e. Wọ́n ní ó jọ Minerva tiwọn, òrìṣà ọgbọ́n, wọ́n pè é ní Sulis Minerva, wọ́n kọ́ ilé sí i lórí, wọ́n sì ju owó ẹyọ tó lé ní 12,000 sínú omi náà.

Wọ́n tún ju òjé pẹlẹbẹ bí 130 sí i, tí wọ́n kọ èpè sí. Ọ̀rọ̀ olè ló pọ̀ jù: ẹni tó jí aṣọ ìlekè, ẹni tó jí aṣọ ìwẹ̀. Docimedis sọ ìbọ̀wọ́ méjì nù, ó ní kí orí ẹni tó jí i dàrú kí ojú rẹ̀ sì fọ́. Nínú ọ̀pọ̀ wọn ni a ti ń rí "ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe ẹrú, ìbáà ṣe ẹni tó wà lómìnira". Ẹ fi wé àdúrà Cato nínú igbó. Ohùn kan náà ni.

Ṣé ìyẹn ni pé ẹ̀sìn wọn dáàbò bo igbó àti odò?

Ó dáàbò bo ohun tí ó ní olúwa tí ẹnu rẹ̀ ká. Turullius, ọ̀kan nínú àwọn tó pa Julius Caesar, gé igi nínú igbó Asclepius, òrìṣà ìwòsàn, ní erékùṣù Kos láti fi kan ọkọ̀ ogun fún balógun Antony. Nígbà tí Octavian ṣẹ́gun Antony, ó ní kí wọ́n pa Turullius, erékùṣù Kos náà ni wọ́n sì ti pa á. Gbogbo ènìyàn ní Asclepius ló gbẹ̀san.

Lẹ́yìn odi igbó mímọ́, àáké kò sinmi. Plato ṣọ̀fọ̀ àwọn òkè Attica, agbègbè Átẹ́nì: ó ní ilẹ̀ ọlọ́ràá ti ṣàn lọ, ohun tó kù dà bí egungun ara aláìsàn. Ní Sípéènì, àwọn ará Róòmù ń da omi sínú òkè títí yóò fi wó kí wọ́n lè rí góòlù. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù tí òkè oníná Vesuvius pa ní 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, ráhùn pé à ń wa inú ilẹ̀, ìyá wa. Ó ráhùn, wọ́n ń wa á lọ. Ẹni tó ń wá ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká láàárín wọn yóò rí díẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ Cato gan-an, owó oríṣi kan ni: lẹ́yìn ẹbọ, igi á wó.

Nígbà wo ni gbogbo rẹ̀ parí?

Ní 391 àti 392 lẹ́yìn ìbí Kristi, Theodosius, ọba Róòmù, fi òfin de ẹbọ àti ilé òrìṣà. Ní ìgbèríko, ó pẹ́ kí òfin náà tó délẹ̀. Ní 2017, ìjọba Gíríìsì gbà á lábẹ́ òfin pé àwọn kan ṣì ń sin àwọn òrìṣà àtijọ́. Wọn kò pọ̀, àtúndá ni ìsìn wọn, kì í ṣe àjogúnbá tí kò já.

Tí òrìṣà bá jẹ́ ara ayé, ṣé ó lè kú?

Athanatoi ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn tí kì í kú. Síbẹ̀, ayé mú wọn. Òrìṣà tó bá fi Styx, odò ìsàlẹ̀ ilẹ̀, búra tí kò sì mú un ṣẹ yóò dùbúlẹ̀ fún ọdún kan gbáko láìmí, láìjẹun, wọn yóò sì lé e kúrò nínú ìpàdé fún ọdún mẹ́sàn-án. Odò ló ń jẹ wọ́n níyà.

Ìtàn ikú kan ṣoṣo wà tí gbogbo ènìyàn ń béèrè, ti Pan, òrìṣà àwọn darandaran. Òǹkọ̀wé Plutarch, tí í ṣe àwòrò fúnra rẹ̀ ní Delphi, ojúbọ ńlá kan ní Gíríìsì, ló kọ ọ́. Nígbà ìjọba Tiberius, ọba Róòmù, ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá létí erékùṣù Paxi, atẹ́gùn rọlẹ̀. Ohùn kan pe atukọ̀ látorí ilẹ̀, Thamus, ará Íjíbítì, lẹ́ẹ̀mẹta: tó bá dé Palodes, kó kéde pé Pan ńlá ti kú. Ó débẹ̀, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, omi pa rọ́rọ́, ó dúró ní ìdí ọkọ̀ ó kéde. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ẹkún ti sọ lórí ilẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan, ti ọ̀pọ̀lọpọ̀. Tiberius gbọ́, ó kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ kí wọ́n wádìí. Wọ́n wádìí, wọ́n ní Pan tí Penelope, aya Odysseus, bí fún Hermes ni.